Ọmọ Ta Ni Ọ́? Ìran Ọmọ Òrukàn Gẹ́gẹ́ bí Àmáánà Lọ́wọ́ Wa



Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun Ọba ni, Ẹni tí ó dá wa láti ara ọkùnrin kan àti obìnrin kan, tí ó sì sọ wá di ìran-ìran kí á lè mọ ara wa. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Nínú àwọn ẹ̀kọ́ tí a ti ń ṣe bọ̀, owó ni a sábà máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí: sàká, sàdáákà, owó ilé ìwé, oúnjẹ ààwẹ̀. Ẹ̀kọ́ ti ọ̀tẹ̀ yìí kì í ṣe ti owó. Ó jẹ́ ti ohun kan tí ọmọ òrukàn ní, tí kò sí ọlọ́rẹ tí ó lè fi owó rà á padà fún un bí ó bá sọnù. Ohun náà ni ìran rẹ̀. Ta ni bàbá rẹ̀? Ta ni ó bí bàbá rẹ̀? Agbo ilé wo ni wọ́n ti jáde? Èwo nínú àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bàbá rẹ̀ ni ó ṣì wà láyé?

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú dání nínú ẹ̀kọ́ yìí kò ju ọ̀kan lọ. Ẹni tí ó bọ́ ọmọ òrukàn, tí ó daṣọ bò ó, tí ó rán an ní ilé ìwé, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ kí orúkọ bàbá rẹ̀ parẹ́, ó ṣe iṣẹ́ rere lóòótọ́, àmọ́ àmáánà kan ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

ỌMỌ ÒRUKÀN TÍ GBOGBO AYÉ MỌ ÌRAN RẸ̀

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ga jùlọ. Ọmọ òrukàn ni Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Bàbá rẹ̀, Abdullāh, kú kí a tó bí i. Ìyá rẹ̀, Āminah, kú sí Abwā nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 6. Bàbá bàbá rẹ̀, Abdul-Muttalib, gbà á tọ́, òun náà sì kú nígbà tí ó di ọmọ ọdún 8. Abū Tālib, ọmọ ìyá àti bàbá kan náà pẹ̀lú Abdullāh, ni ó wá tọ́ ọ dàgbà.

Ọwọ́ mélòó ni ó tọ́ ọ? Síbẹ̀, kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó fi orúkọ tirẹ̀ rọ́pò orúkọ Abdullāh. Ọmọ Abdullāh ni wọ́n ń pè é títí ó fi dàgbà. Àní obìnrin tí ó fún un ní ọmú nínú ẹ̀yà Banū Sa'd, Halīmah, a mọ orúkọ rẹ̀ títí di òní. A mọ ìran Ànábì láti ọ̀dọ̀ bàbá dé ọ̀dọ̀ bàbá ńlá títí dé Adnān. Ọmọ òrukàn kò ní láti jẹ́ ọmọ tí a kò mọ orísun rẹ̀.

ZAYD ỌMỌ HĀRITHAH

Ẹ̀kọ́ kejì wà nínú ìtàn Zayd. Àwọn akónilẹ́rú jí i gbé nígbà tí ó wà lọ́mọdé, wọ́n sì tà á ní ọjà Ukāz. Hakīm ọmọ Hizām rà á fún Khadījah, ìyá wa Khadījah sì fi í ta Ànábì lọ́rẹ. Bàbá rẹ̀, Hārithah, kò sinmi. Ó ń wá a kiri títí ó fi gbọ́ pé ó wà ní Mákà. Òun àti àbúrò rẹ̀ kó owó ìràpadà dání, wọ́n sì wá. Ànábì ní kí Zayd fúnra rẹ̀ yàn, Zayd sì yàn láti dúró. Nígbà náà ni Ànábì mú un jáde síta gbangba, ó sì fi í ṣe ọmọ. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ènìyàn ti ń pè é ní Zayd ọmọ Muhammad.

Ẹ wò ó, kí ni ó tún kù? Ọmọ fẹ́ràn alágbàtọ́, alágbàtọ́ fẹ́ràn ọmọ, bàbá tí ó bí i rí i pẹ̀lú, ó sì fi ọkàn balẹ̀ padà sílé. Síbẹ̀ Ọlọ́hun Ọba sọ ọ̀rọ̀ kalẹ̀ nínú Sūratul-Ahzāb, āyah 4 àti 5, pé kí á máa pe àwọn ọmọ tí a gbà tọ́ pẹ̀lú orúkọ bàbá wọn, nítorí èyí ni ó bá òdodo mu lọ́dọ̀ Òun. Láti ìgbà náà ni Zayd ti padà di Zayd ọmọ Hārithah. Ìfẹ́ tí ó wà láàárín òun àti Ànábì kò dín kù. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni orúkọ sàábé tí ó wà nínú Àlùkùránì, òun ni Ànábì sì fi ṣe olórí ogun ní Mu'tah, níbi tí ó kú sí ní ọdún 8 lẹ́yìn Hijrah. Kò sí ohun tí ìfẹ́ àti ìtọ́jú pàdánù nígbà tí orúkọ bàbá padà sí ààyè rẹ̀.

A mọ ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ níbi tí orúkọ bá ti parẹ́. Nínú àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní ilẹ̀ Brazil, Mùsùlùmí pọ̀ níbẹ̀, Malê ni wọ́n ń pè wọ́n, láti inú Ìmàle tiwa. Àwọn ni wọ́n dìde sí àwọn ọ̀gá wọn ní oṣù kìíní ọdún 1835. Ọ̀pọ̀ ẹrú tí ó gba òmìnira níbẹ̀ ni ó ń jẹ́ orúkọ ẹni tí ó rà á. Àwọn kan padà wá sí Èkó, Àgbádárìgì àti Àjàṣẹ́, àwọn ni a ń pè ní Agudà. Àmọ́ ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n kù sí ọ̀hún, bí wọ́n bá ń wá orísun wọn lónìí, orúkọ olówó ẹrú ni ìwé ń fi hàn wọ́n. Àwa tí a ń ṣe dáadáa sí ọmọ òrukàn kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara wa ṣe irú rẹ̀.

ÀṢÌṢE TIWA

Kò yẹ kí á máa kọ́ ènìyàn kí á sì fi tiwa pamọ́. Ní àwọn ọdún tí ẹgbẹ́ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìyá àgbà kan mú ọmọ ọmọ rẹ̀ wá bá wa. Ọmọ ọdún 5 ni. Awakọ̀ ni bàbá rẹ̀, jàǹbá ọkọ̀ ni ó pa á. Fọ́ọ̀mù tí a ń lò nígbà náà, orúkọ ọmọ, ọjọ́-orí àti orúkọ alágbàtọ́ ni ó béèrè. Níbi tí ó yẹ kí orúkọ bàbá wà, “olóògbé” ni a kọ sí i. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gba ọmọ náà tọ́, ó sì tọ́ ọ dáadáa. Nígbà tí ó wọ ilé ìwé, orúkọ alágbàtọ́ ni wọ́n kọ mọ́ orúkọ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó rò ó wò.

Ọdún gorí ọdún. Ìyá àgbà kú. Ọmọ di ọ̀dọ́kùnrin, ó fẹ́ gbéyàwó. Bàbá ọmọbìnrin náà bi í léèrè ohun tí àgbà Yorùbá gbogbo máa ń béèrè: “Ọmọ ta ni ọ́?” Ó dárúkọ alágbàtọ́ rẹ̀. Alágbàtọ́ náà, nítorí ìbẹ̀rù Ọlọ́hun, dìde ó ní, “Èmi kọ́ ni mo bí i.” Bàbá ìyàwó ní òun kò kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ lọ wá bàbá rẹ̀ rí, kí ó má lọ jẹ́ pé ọmọ ìyá ni àwọn fẹ́ so yìgì fún. Ọ̀dọ́kùnrin náà wá sí ọ́fíìsì wa láti wo fáìlì rẹ̀. “Olóògbé” ni ó bá níbẹ̀. A kò lè wo ojú rẹ̀.

Ohun méjì péré ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀: fótò bàbá rẹ̀ kan ní ibùdókọ̀, àti oríkì tí ìyá àgbà máa ń fi kí i láàárọ̀, tí ó ní láti ìdí bàbá rẹ̀ ni. A gbé fótò náà lọ sí ibùdókọ̀. Àwọn awakọ̀ àtijọ́ mọ ìnagijẹ rẹ̀, wọn kò mọ orúkọ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn rántí pé bí Iléyá bá ti kù díẹ̀, ọ̀nà Ìwó ni ó máa ń gbà lọ sílé. A lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a lọ kí a tó dé agbo ilé náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin ṣì wà láyé. Kò tíì wo fótò tán tí ó fi bú sẹ́kún.

Wọ́n mọ̀ pé àbúrò wọn ní ìyàwó lẹ́yìn odi, wọn kò mọ̀ pé ọmọ wà. Oko kòkó rẹ̀ àti ilé tí kò tíì parí, wọ́n ti pín in tipẹ́. Lẹ́yìn ìjíròrò pẹ̀lú Lèmọ́ọ̀mù àdúgbò, wọ́n fún un ní apá kan nínú oko náà. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀. Wọ́n rí i pé kò sí ìbátan láàárín òun àti ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ̀, yìgì sì so. Ní ti ìwé ẹ̀rí ilé ìwé, ó lọ búra ní kóòtù, ó sì san owó ìkéde nínú ìwé ìròyìn kí orúkọ tó lè yí padà. Bí a bá ti bi ìyá àgbà ní ìbéèrè ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́jọ́ tí ó mú un wá, gbogbo wàhálà yìí kò ní sí.

OHUN MẸ́RIN TÍ Ó DÚRÓ LÓRÍ ÌRAN

Ìkíní, ogún. Sūratun-Nisā', āyah 7 sí 12, pín ogún fún àwọn tí ó tọ́ sí, āyah 10 sì kìlọ̀ gidigidi fún ẹni tí ó jẹ owó ọmọ òrukàn. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò. Ọkùnrin kan kú, ó fi ìyàwó kan, ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan sílẹ̀. Bí a bá pín ohun ìní rẹ̀ sí ọ̀nà 120, ìyàwó gba 15, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ọmọkùnrin gba 70, ọmọbìnrin gba 35. Wàyí o, ká ní ọmọkùnrin mìíràn wà ní ibòmíràn tí a kò mọ̀. Ìpín tí ó tọ́ ni pé kí ìyàwó gba 15, kí ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan gba 42, kí ọmọbìnrin gba 21. Èyí fi hàn pé ọ̀nà 28 ti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n àti ọ̀nà 14 ti ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin, ti ọmọ òrukàn ni wọ́n ń jẹ, tí wọn kò sì mọ̀. Bákan náà, ọmọ tí bàbá rẹ̀ bá kú ṣáájú bàbá àgbà kì í jogún bàbá àgbà bí ọmọkùnrin bàbá àgbà bá wà láyé. Ṣùgbọ́n bàbá àgbà lè kọ ìwé ìhágún fún un nínú ohun tí kò ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Bàbá àgbà tí kò mọ̀ pé ọmọ náà wà, báwo ni yóò ṣe kọ ọ́?

Ìkejì, ìgbéyàwó. Āyah 23 nínú sūrah náà ka àwọn tí kò tọ́ láti fẹ́ ara wọn. Ìbátan ọmú wà nínú rẹ̀. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú níbi ìbí, tí aládùúgbò fún ní ọmú, ó ti di ọmọ obìnrin náà, àwọn ọmọ obìnrin náà sì ti di ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀. Ní ẹ̀kọ́ Imām Mālik, tí ó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ wa, díẹ̀ àti púpọ̀ wàrà náà ọ̀kan náà ni. Imām Shāfi'ī ní ó di ìgbà márùn-ún. Nítorí náà, orúkọ ẹni tí ó fún ọmọ lọ́mú gbọ́dọ̀ wà nínú fáìlì.

Ìkẹta, sàká. Ọmọ òrukàn kì í gba sàká nítorí pé ó jẹ́ òrukàn. Nítorí pé ó jẹ́ aláìní ni, gẹ́gẹ́ bí Sūratut-Tawbah, āyah 60, ṣe ka ìpín mẹ́jọ tí ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ fi ilé àti oko sílẹ̀ lè má jẹ́ aláìní rárá. Ohun ìní rẹ̀ ni ó yẹ kí á bá a wá jáde, kí sàká lè lọ bá ẹni tí kò ní. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ènìyàn kì í fún bàbá, ìyá tàbí ọmọ bíbí rẹ̀ tí bùkátà wọn wà lọ́rùn rẹ̀ ní sàká. Ṣùgbọ́n ọmọ àbúrò rẹ tí ó jẹ́ òrukàn aláìní, o lè fún un. Ànábì sì kọ́ wa pé ẹ̀san méjì ni ó wà nínú ohun tí a bá fún ìbátan: ẹ̀san sàdáákà àti ẹ̀san okùn ìbí. Ṣé gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ni ó mọ iye ọmọ òrukàn tí ó wà nínú ìdílé tiyín?

Ìkẹrin, okùn ìbí fúnra rẹ̀. Nínú hàdíìsì tí Tirmidhī gbà wá láti ọ̀dọ̀ Abū Hurayrah, Ànábì ní kí á kọ́ nípa ìran wa níwọ̀n tí a ó fi lè so okùn ìbí pọ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe láti máa fi ìran yangàn.

BÍ A ṢE Ń WÁ ÌTÀN ÌDÍLÉ

1. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó dàgbà jù, kí ẹ sì yára. Ìwé kì í tètè kú, àgbà ni ó ń kú. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù bí wọ́n bá gbà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

2. Ẹ béèrè gbogbo orúkọ. Bàbá kan lè ní orúkọ súnà, orúkọ àbísọ, oríkì àti ìnagijẹ. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Súlè níbi iṣẹ́, ó lè jẹ́ Àkànní nílé. Ẹni tí ó bá fi ọ̀kan ṣoṣo wá a kò ní rí i.

3. Oríkì orílẹ̀ ń tọ́ka sí ọ̀nà, kì í ṣe ẹ̀rí tí ó parí ọ̀rọ̀. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú láàárín ọdún 1830 sí 1840, àwọn ènìyàn rẹ̀ fọ́n ká. Nítorí náà oríkì orílẹ̀ kan náà lè wà ní Ìbàdàn, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ìwó àti ní Ẹdẹ. Ilà ojú àwọn àgbà náà ń tọ́ka bẹ́ẹ̀: àbàjà, pélé, gọ̀ǹbọ́. Agbo ilé ni kí ẹ wá dé.

4. Ẹ fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nílùú wá ọjọ́-orí. Bí àgbà bá ní wọ́n bí òun nígbà ogun Àdùbí ní Ẹ̀gbá, ọdún 1918 nìyẹn. Ìgbà tí ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn jẹ́ 1955. Ikú Adégòkè Adélabù jẹ́ oṣù kẹta 1958. Òmìnira jẹ́ 1960. Agbẹ́kọ̀yà jẹ́ 1968 sí 1969. Ìgbà tí ọkọ̀ kúrò ní ọwọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún jẹ́ oṣù kẹrin 1972. Ìgbà tí náírà dé jẹ́ oṣù kìíní 1973. Bí wọ́n bá ní ọjọ́ Iléyá ni, ẹ rántí pé ọdún Hijrah fi bí ọjọ́ 11 kúrú sí ti òyìnbó, nítorí náà Iléyá máa ń yí gbogbo oṣù ká ní bí ọdún 33.

5. Ẹ wá ìwé. Ìwé ìbí àti ìwé ikú láti ọ̀dọ̀ Àjọ Ètò Ìkànìyàn, tí òfin ọdún 1992 sọ ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ di dandan. Ìwé yìgì ní mọ́sálásí. Ìwé owó orí, káàdì ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́, ìwé ilé ìwé, ìwé ilẹ̀. Ẹ ṣí Àlùkùránì àtijọ́ tí ó wà nílé wò, àwọn àáfà kan a máa kọ ọjọ́ ìbí ọmọ sí ewé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

6. Ẹ wá ẹlẹ́rìí méjì. Ohun tí ẹnì kan ṣoṣo bá sọ, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì bi ẹlòmíràn léèrè. Nínú Sūratun-Nisā', āyah 6, Ọlọ́hun ní kí á pe ẹlẹ́rìí nígbà tí a bá ń dá owó ọmọ òrukàn padà fún un. Ìran rẹ̀ náà tó ohun tí a ń pe ẹlẹ́rìí sí.

ÌKÌLỌ̀

Bí a bá wá a tì ńkọ́? Ẹ má ṣe hùmọ̀ bàbá fún un. Āyah karùn-ún tí a mẹ́nu kàn nínú Sūratul-Ahzāb ti dá wa lóhùn: ọmọ ìyá yín ni nínú ẹ̀sìn. Ọmọ tí a rí he kò jẹ gbèsè ìtìjú fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ ọjọ́ tí a rí i, ibi tí a ti rí i, àti aṣọ tí ó wọ̀, nítorí ẹni tí yóò wá a lè wá lọ́la.

Ẹ má sì ṣe fi ìwádìí tú àṣírí ìdílé kan síta. Ohun tí ó kan ẹ̀tọ́ ọmọ ni kí ẹ béèrè, ìyókù kí ó wà níbi tí Ọlọ́hun bò ó sí.

Ẹ̀yin alágbàtọ́, a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè dùn yín. Ọmọ tí ẹ fi ẹ̀yìn pọ̀n, tí ẹ sùn tì nílé ìwòsàn, kí ó tún máa jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn? Ẹ rántí pé Ànábì ṣèlérí pé òun àti ẹni tí ó ń tọ́jú ọmọ òrukàn yóò sún mọ́ ara wọn ní Àlùjánnà bí ìka méjì. Kò fi kún un pé kí ọmọ náà máa jẹ́ orúkọ wa.

IṢẸ́ ILÉ

Fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ wa ti yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Àyè wà níbẹ̀ báyìí fún orúkọ bàbá àti bàbá bàbá, agbo ilé, orúkọ ìyá àti àwọn ará ilé rẹ̀, ẹni tí ó fún ọmọ lọ́mú, ohun tí bàbá fi sílẹ̀, àti ẹlẹ́rìí méjì. Àwọn fáìlì àtijọ́ kan ṣì wà tí “olóògbé” nìkan wà nínú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìdílé káàkiri, tí ẹ ní ọkọ̀, tàbí tí ẹ lè yọ̀ǹda ọjọ́ Sátidé kan, ẹ bá wa lọ.

Kí ẹ tó pa ìwé yìí dé, ẹ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí nínú ilé yín:

1. Ǹjẹ́ àwọn ọmọ rẹ lè dárúkọ bàbá bàbá rẹ àti agbo ilé rẹ̀?

2. Bí o bá kú lónìí, ǹjẹ́ gbogbo ọmọ rẹ mọ ara wọn?

3. Ọmọ òrukàn mélòó ni ó wà nínú ẹbí rẹ, ta sì ni ó ń bọ́ wọn?

Ìbéèrè kejì ni ó le jù. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a ń bá wá ìran kiri lónìí, bàbá wọn ni kò kọ ohunkóhun sílẹ̀.

Kí Ọlọ́hun Ọba má ṣe jẹ́ kí àmáánà já bọ́ lọ́wọ́ wa. Kí Ó forí jin àwọn bàbá àti ìyá tí wọ́n ti lọ, kí Ó má ṣe jẹ́ kí orúkọ wọn parẹ́ lẹ́nu àwọn ọmọ wọn. Kí Ó gba sàká àti sàdáákà yín ní iṣẹ́ rere. Āmīn.